Fáìfù-Sítáà, Rọra: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Adájọ́ Fíìmù Makutu

Àbúrò mi Fáìfù-Sítáà,

Okun o! Mo kí ọ, mo kí jẹnẹrétọ̀ rẹ tó ń pariwo ju ọjà lọ, mo sì kí àwọn tó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù fíìmù rẹ láti àárọ̀ dalẹ́ láì ra ohun kan. Gbangba ni mo ti fẹ́ bá ọ sọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé gbangba náà ni o ti ń dájọ́. Páálí tí o lẹ̀ mọ́ ògiri, tí o kọ "Fíìmù Mẹ́wàá Tó Ń Jà Jù" sí gàdàgbà, gbogbo ìlú wa Makutu ló ń kà á. Ẹni tó ń lọ oko ń dúró kà á. Àwọn ọmọ iléèwé mọ̀ ọ́n ju ìṣirò lọ. Bí ìwọ bá lè fi páálí dájọ́ fún àwọn tó forí-fọrùn ṣe fíìmù, èmi náà lè fi lẹ́tà kan dájọ́ fún ọ.

Ẹ̀sùn mi àkọ́kọ́ ni pé kò sí fíìmù tó ń fìdí rẹmi lọ́wọ́ rẹ. Ìràwọ̀ márùn-ún fún tòní, ìràwọ̀ márùn-ún fún tàná, ìràwọ̀ márùn-ún fún èyí tó ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Fíìmù tí o ṣì ń gbà sórí fóònù, tí dátà kò tíì gbé dé ìdajì, o ti fi í sí ipò kejì. Tíṣà tó bá fún gbogbo kíláàsì ní ọgọ́rùn-ún, àwọn ọmọ á fẹ́ràn rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ìyá wo ló máa gba káàdì yẹn gbọ́?

Jẹ́ kí n sọ bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ṣe é. Ìwé ìròyìn kan wà nílùú Ọba tó ń jẹ́ Sight and Sound. Láti 1952 ni wọ́n ti ń pe àwọn tó mọ fíìmù pé kí wọ́n dìbò yan èyí tó dára jù láyé, ẹ̀ẹ̀kan péré ní ọdún mẹ́wàá. Ọdún mẹ́wàá, Fáìfù-Sítáà! Ìwọ, ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Ẹtì ni. Bicycle Thieves ti àwọn ará Ítálì ló kọ́kọ́ gba ipò náà. Citizen Kane gbà á ní 1962, ó sì jókòó tì í títí Vertigo fi lé e dìde ní 2012. Ní 2022, àwọn tó dìbò lé ní 1,600, ẹni tí wọ́n sì gbé gorí àga ni Jeanne Dielman, tí obìnrin ará Bẹ́ljíọ̀mù kan, Chantal Akerman, ṣe ní 1975. Kí ló wà nínú rẹ̀? Opó kan ń dáná, ó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń bó ànàmọ́ òyìnbó, fún wákàtí mẹ́ta ó lé. Ohun burúkú kan ṣẹlẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, n kò ní í sọ ọ́. Mo mọ̀ pé bí ìyá kan bá jókòó bó iṣu fún wákàtí mẹ́ta lójú tẹlifíṣọ̀n rẹ, àwọn oníbẹ́ǹṣì á wó ṣọ́ọ̀bù náà mọ́ ọ lórí. N kò ní kí o fi hàn wọ́n. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé àwọn tó dàgbà nídìí iṣẹ́ yìí máa ń jẹ́ kí fíìmù tutù kí wọ́n tó tọ́ ọ wò.

Ẹ̀sùn kejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ka páálí rẹ láti òkè délẹ̀. Mo rí Àgéṣinkólé, mo rí Jagun Jagun, mo rí Lísàbí, mo rí House of Ga'a, mo rí Àníkúlápó. Èyí tó dàgbà jù nínú gbogbo wọn, 2022 ni wọ́n bí i. Ohun tó sì fi ẹnì kan ṣíwájú ẹnì kejì lójú rẹ ni iye orí tó bọ́ sílẹ̀ àti iye ọfọ̀ tó jáde lẹ́nu. Bí òṣèré bá ti na irùkẹ̀rẹ̀, tí èéfín sọ, tí ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ sì di ewúrẹ́, o ti mú bírò. Lẹ́yìn náà ni o wá fi A Tribe Called Judah ti Fúnkẹ́ Akíndélé lé gbogbo wọn lórí, o kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé "Bílíọ̀nù kan!" Òótọ́ ni. Òun ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá, ó sì pa á lẹ́nu bíi oṣù kan sí ìgbà tó jáde ní Oṣù Kejìlá 2023. Mo bá a yọ̀, ẹ̀rín rẹ̀ sì dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ṣé akọ̀wé báńkì ni ọ́ ni? Àwa ń bèèrè bóyá fíìmù náà dára, ìwọ ń kéde iye tó wà lápò ẹni tó ṣe é.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi fíìmù, mo sì fi tọrẹ fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́: ẹni yìí tó ṣe nǹkan yìí, kí ló dé tó fi ṣe é? Bí fíìmù bá lè dá mi lóhùn, tí ìdáhùn náà sì jẹ́ ohun tí ènìyàn ẹlẹ́ran ara lè ṣe, ó ti wọlé. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ "nítorí pé ó burú" tàbí "nítorí pé apá kejì ń bọ̀," kó máa lọ.

Mú Jagun Jagun ti Fẹ́mi Adébáyọ̀, tó jáde lórí Netflix ní Oṣù Kẹjọ 2023. Ògúndìjì tó ń kọ́ àwọn ọmọ ogun, tí àwọn ọba ń háyà, kò burú lásán. Ẹ̀rù ló ń bà á. Gbogbo ọmọ tó bá fẹ́ ta yọ lábẹ́ rẹ̀ ló dà bí ẹni tó máa gba ipò rẹ̀ lọ́la, bí ọmọkùnrin náà Gbọ́tìjà, tí igi ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, ṣe wá di ẹ̀gún lójú rẹ̀ nìyẹn. Ìyẹn yé mi. Mo ti rí ọ̀gá tẹ́lọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Níbi tí fíìmù náà ti wá sọnù mọ́ mi lọ́wọ́ ni ìgbà tí ìjà gun ìjà, tí ẹ̀jẹ̀ bo ojú àmì, tí èmi fúnra mi kò mọ ẹni tí mo ń ṣàánú mọ́. Ìràwọ̀ mẹ́ta, kò jù bẹ́ẹ̀.

Àgéṣinkólé náà, ohùn àti ojú Ọdúnladé Adékọ́lá ló gbé e. Ó pa ju mílíọ̀nù 300 náírà lọ ní sinimá ní 2022, ó sì la ojú àwọn tó rò pé kò sẹ́ni tó máa sanwó wo èdè Yorùbá mọ́. Fún ìyẹn, mo dọ̀bálẹ̀ fún un, bí obìnrin tilẹ̀ kì í dọ̀bálẹ̀. Ìtàn rẹ̀ gan-an? Mo wò ó tán, mo sùn dáadáa. House of Ga'a ti Bọ́láńlé Austen-Peters, 2024, sáré jù fún mi. Baṣọ̀run Gáà tó ń fi ọba jẹ tó tún ń pa ọba, tí Aláàfin Abíọ́dún fi dé orí rẹ̀ ní 1774, kì í ṣe ẹni tí a ń fi eré sísá sọ ìtàn rẹ̀. Fẹ́mi Branch fi ara jìn fún un o, mo rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ka eré onítàn tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ lórí Gáà mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe lè jinlẹ̀ tó lẹ́nu ọkùnrin yẹn.

Nínú àwọn tuntun tó wà lára páálí rẹ, Àníkúlápó nìkan ni mo bá ọ fọwọ́ sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin oníbẹ́ǹṣì, ẹ dákẹ́ kí n ṣàlàyé. Kì í ṣe torí ẹyẹ àkàlà tó jí òkú ni. Sàró, aláṣọ òkè tó wọ Ọ̀yọ́ láìní nǹkan kan, obìnrin ló gbà á sílẹ̀, obìnrin ló gbé e ga, obìnrin ló tún wá já a lulẹ̀, ìdí sì wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwárùn, tí Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ṣe, lówó lọ́wọ́, ó sì ń fẹ́ ọmọdékùnrin. Kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Arólákẹ́, tí Bímbọ́ Adémóyè ṣe, fi ààfin sílẹ̀ nítorí Sàró, ó bá a jẹ̀yà, ó sì wá jókòó sílé máa wo ìyàwó tuntun bó ṣe ń wọlé. Ìgbà tó dójú tì í níkẹyìn, ṣé ẹnì kan wà ní Makutu tó bèèrè ìdí? Àwọn ìyá wa ń pàtẹ́wọ́ ni! Àwọn ọkọ wọn ń wo ilẹ̀. Fíìmù tó lè mú ìyẹn ṣẹlẹ̀ nínú yàrá kan náà, mo fún un ní mẹ́rin. Èyí tó kù ni mo yọ nítorí àwọn ìran tó gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Nípa Rise of the Spectre tó tẹ̀lé e ní 2024, mo ti sọ èrò mi lórí apá kejì.

Ṣé o mọ ibi tí Kúnlé Afọláyan tó ṣe Àníkúlápó ti kọ́kọ́ fi ojú hàn wá? Òun ni Arẹ́ṣẹ́jábàtà nínú Ṣaworoidẹ ti Túndé Kèlání, 1999. Ibẹ̀ gan-an ni mo ń bọ̀, àbúrò mi, nítorí pé mo wá Ṣaworoidẹ lára páálí rẹ, n kò rí i. Mo wo ẹ̀yìn páálí náà. Ìpolówó ọṣẹ ló wà níbẹ̀.

Jókòó. Nílùú Jogbo, ọba kì í dé adé lásán. Ó gbọ́dọ̀ gba gbẹ́rẹ́, kó búra, nítorí pé adé idẹ àti ìlù ṣaworoidẹ ti mọ ara wọn. Ẹni tó bá dé adé láìbúra, tí ìlù náà sì dún sí i, orí ló máa fi kú. Lápité, tí Kọ́lá Oyèwọ̀ ṣe, kọ̀, kò gba gbẹ́rẹ́. Kí ló dé? Nítorí pé ọba tó bá búra kò ní lè kó owó ìlú jẹ, owó ni ó sì ń bọ̀ wá kó. Ó tán! Kò sí èéfín, kò sí àrá. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló gbé fíìmù náà ró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tó ń gé gẹdú wá, wọ́n fún ọba lówó, igbó ń tán, àwọn ọmọ ìlú ń pariwo, àwọn ìjòyè ń jẹ. Bàbá Ọ̀pálábá, tí Fálétí fúnra rẹ̀ ṣe, ń fi òwe gún wọn lábẹ́rẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ṣọ́jà dé, Lágàtà gbàjọba, ó rò pé ìbọn ló ń sọni di ọba. Ó dé adé. Ìlù dún.

Ẹni tó kọ ìtàn náà ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá. Ọdún tó jáde, Abacha ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ní ọdún tó ṣíwájú ni, àwọn ṣọ́jà sì ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sílé. Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìwọ wá ń sọ fún mi pé àwòrán rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ tó ti ìsinsìnyí. Fáìfù-Sítáà, kámẹ́rà ni o ń wò ni, àbí fíìmù?

Kí n má sì jẹ́ kí àwọn àgbà tó ń ka lẹ́tà yìí máa yọ̀ jù. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ní láti ìgbà tí Ògúndé ti lọ kò tíì sí fíìmù, ẹ̀yin náà ẹ farabalẹ̀. Mo mọ iyì Aiyé rẹ̀ tó jáde ní 1979, mo mọ Jáyésinmi tó tẹ̀lé e. Mo mọ̀ pé Àjàní Ògún, tí Ọlá Balógun darí ní 1976, tí Adé Love ṣe olórí òṣèré nínú rẹ̀, ló ṣílẹ̀kùn fún fíìmù lédè Yorùbá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wí òótọ́: ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ orí ìtàgé tí wọ́n gbé kámẹ́rà síwájú rẹ̀, àwọn ẹlòmíràn sì ń kígbe bí ẹni tó fẹ́ kí ẹni tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn gbọ́. Bí ẹ bá bèèrè lọ́wọ́ mi ìdí tí àjẹ́ inú Aiyé fi ń ṣe ohun tó ń ṣe, ìdáhùn náà kò jìnnà sí "nítorí pé ó burú." Ẹ má jù mí lókò. Kì í ṣe ilé méjì la ń dá sílẹ̀ níbí: Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love ni, Fẹ́mi Adébáyọ̀, ọmọ Ọ̀gá Bello ni. Ẹni tó ń bú tuntun, ọmọ àwọn tó fẹ́ràn ló ń bú.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìwọ fúnra rẹ kọ́ lára àwọn àgbà náà ni bí wọ́n ṣe ń gbé fíìmù kiri. Láyé ìgbà náà, ẹni tó ni fíìmù ló ń gbé e káàkiri, ìlú dé ìlú, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń tàn án sára ògiri. Wọ́n á háyà gbọ̀ngàn, wọ́n á ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ká a, wọ́n á gbé e lọ. Kì í kúrò lójú wọn. O ò mọ ìdí? Bi Bàbá Sàlá. Mosés Ọláìyá yá owó, ó ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982, àwọn kan jí i dà kọ, wọ́n ń tà á ní fídíò, owó tó yẹ kó padà wọlé fún un bọ́ sápò ẹlòmíràn. Gbèsè náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lulẹ̀. Títí ó fi kú ní 2018 ni àwọn ènìyàn ń dárúkọ ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n bá ń ṣàánú rẹ̀.

Wàyí o, Fáìfù-Sítáà, fọwọ́ kan àyà rẹ. Mẹ́mọ́rì káàdì tí o ń fi fíìmù sí fún gbogbo Makutu, ta ló fún ọ láṣẹ? Fíìmù tó jáde lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó ti wà nínú fóònù ọlọ́kadà láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìràwọ̀ márùn-ún rẹ sì wà lórí rẹ̀. Adájọ́ tó jí ẹrù tó ń dájọ́ lé lórí! Mo gbọ́ pé o ní o ń ran wọ́n lọ́wọ́ láti di olókìkí. Bàbá Sàlá náà lókìkí dáadáa.

Ó ku ìpín tèmi. Ipò kìíní, Ṣaworoidẹ, mo sì ti sọ ìdí. Ipò kejì, Ti Olúwa Nilẹ̀, 1993, ti Kèlání kan náà, ìtàn Kareem Adépọ̀jù tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Wándé: Ọ̀tún tó báwọn ta ilẹ̀ òrìṣà fún àwọn tó fẹ́ kọ́ iléepo, tí àwọn tó jọ tà á wá bẹ̀rẹ̀ sí kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ìtàn ilẹ̀ títà ṣàjèjì sí wa níbí? Apá kìíní ni mo dìbò fún o, nítorí pé apá mẹ́ta ni wọ́n fa ìtàn náà dé. Ipò kẹta, Àníkúlápó. Ipò kẹrin, Ó Le Kú, 1997, nítorí Àjàní tí kò lè yan ọ̀kan nínú obìnrin mẹ́ta jọ ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí mo mọ̀, ìwọ pẹ̀lú. Lẹ́yìn tó jáde ni gbogbo obìnrin tún bẹ̀rẹ̀ sí dá ìró kúkúrú àti bùbá tí wọ́n ń pè ní olekú. Bèèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ bóyá kò dá tirẹ̀. Ipò karùn-ún, Agbára Ńlá ti Mike Bámilóyè àti Mount Zion. O lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn tó wò ó lálẹ́ nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì láyé ìgbà yẹn, tí wọ́n rí Ìsàwùrù inú rẹ̀, kò dá lọ sẹ́yìnkùlé fún ọjọ́ púpọ̀. Mi ò ka ti ẹ̀rù nìkan: ìdí wà fún ohun tí Ìsàwùrù ń ṣe. Ipò mẹ́wàá kò sí. Márùn-ún tó.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dùn mí, kì í sì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù, tuntun orí páálí rẹ àti àtijọ́ tèmi, Ọ̀yọ́ ni, Ẹ̀gbá ni, Ìbàdàn ni. Àwọn ọmọ wa mọ orúkọ Baṣọ̀run, wọn kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí òkè tó wà lẹ́yìn ilé wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún ni àwọn ẹlẹ́ṣin Núpé láti Bídà fi ń kó àwa ará Okun, Yàgbà, Bùnú, Ìjùmú, Owé àti Ọ̀wọ́rọ̀ lẹ́rú, tí wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, tí àwọn baba wa ń sá gun àpáta pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Oṣù Kìíní 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company gba Lọ́kọ́ja dé Kàbà, kí wọ́n tó lọ ṣẹ́gun Bídà lóṣù kan náà, àwọn náà sì ní ohun tí wọ́n ń wá. Àwọn wo ló dúró jà? Ta ló bá ọ̀tá dọ́rẹ̀ẹ́ kí ilé tirẹ̀ má jó, kí sì ni wọ́n sọ fún un nígbà tí ogun parí? Ìdí nǹkan kún inú ìtàn yẹn bámúbámú. Ní Jàpáàn, Akira Kurosawa mú àwọn àgbẹ̀ tí olè ń wá kó ìkórè wọn, ó ní kí wọ́n lọ háyà jagunjagun méje, ó sọ ọ́ ní Seven Samurai ní 1954, ayé ṣì ń wò ó di òní. Àwa ní àgbẹ̀, a ní olè, a ní òkè. Ẹ̀yin Kèlání, ẹ̀yin Afọláyan, ẹ̀yin Adébáyọ̀, bí lẹ́tà yìí bá débẹ̀, ẹ wá sí ilẹ̀ Okun wá ya ìtàn wa, kí àwọn òṣèré sì sọ èdè wa bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé.

Títí ìgbà náà, àbúrò mi, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀ ọ́. Gbé Ṣaworoidẹ sí orí páálí kí ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ tó pé. Yọ ìràwọ̀ méjì kúrò lára gbogbo fíìmù tí o kò tíì wò dé òpin. Kí o sì bẹ̀rẹ̀ sí san owó fíìmù fún àwọn tó ni ín. Bí o bá fẹ́ fi díẹ̀ lé owó tí o ń gbà lọ́wọ́ wa, èmi ni màá kọ́kọ́ san tèmi.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, tí kì í fúnni ní márùn-ún